Yunifásítì Tó Di Agbo Ilé

Níbi ìdána lóde òní, alága ìjókòó kì í jẹ́ kí ọkọ ìyàwó sinmi títí yóò fi sọ bí ó ṣe rí òdòdó tó wá já. Ìdáhùn tó ń ti ẹnu ọ̀pọ̀ ọmọ wa jáde ni pé, "Ifẹ̀ la ti pàdé," tàbí, "UI ni, ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kan náà la wà." Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Láyé àtijọ́, alárinà ló ń rìn láàrin ilé méjì. Òun ló ń wádìí bóyá àrùn burúkú wà nínú ìdílé náà, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá wọ́n jẹ gbèsè tí wọn kò san. Ọgbà yunifásítì ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ alárinà ṣe báyìí. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin fi jọ kàwé, tí wọ́n jọ tò lórí ìlà omi, tí wọ́n jọ fara da ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́, ti tó kí oníkálùkù mọ ìwà ẹnì kejì.

Kì í sì í ṣe tọkọtaya nìkan. Ẹ wo apá ibi tí àwọn àlejò jókòó sí. Ẹ ó rí àwọn obìnrin kan tó wọ aṣọ ẹbí kan náà, tí wọ́n ń pe ìyá ìyàwó ní orúkọ àbísọ rẹ̀ gan-an. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Moremi Hall, ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin, nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn ló gbà á sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ́dún tí kò rí yàrá gbà. Ìyàwó ń kúnlẹ̀ kí wọn bó ṣe ń kúnlẹ̀ kí àbúrò ìyá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò pa wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, àwọn ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ti Ifẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ní 1962. Ó ti pẹ́ tó kí a rí ilé tí bàbá àgbà, ìyá àti ọmọ ti jáde láti inú ọgbà kan náà.

Kí ló ń sọ àjèjì di ẹbí báyìí? Èmi ò gbà pé ìwé tí wọ́n jọ kà ni. Nínú agbo ilé tiwa pàápàá, ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ló ń mú ẹbí dúró. Àwọn ohun tí wọ́n jọ ń ṣe láìyẹ̀ ló ń mú un dúró: wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń gbéyàwó, wọ́n ń sọmọ lórúkọ, wọ́n ń ṣèrántí òkú wọn. Níbi tí àwọn nǹkan wọ̀nyí bá ti dáwọ́ dúró, ọmọ ìyá méjì lè di àjèjì síra wọn. Níbi tí wọ́n bá ti ń lọ déédéé, àjèjì ń di ọmọ ìyá. Yunifásítì kan wà ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà tó ti ń ṣe gbogbo rẹ̀ létòlétò fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Bí a bá wo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, a ó lóye ohun tí a ní nílé, a ó sì rí ohun tó kù tí a kò tíì ṣe.

Texas A&M University ni orúkọ rẹ̀, ìlú College Station ló wà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1876 gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà, gbogbo wọn ló sì ń kọ́ iṣẹ́ ológun pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ wọn. Torí iṣẹ́ àgbẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣe ń pe akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní Aggie. Lónìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ju 60,000 lọ. Ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Houston, ìlú tó wà lára àwọn ibi tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jùlọ ní Amẹ́ríkà, tí ọmọ Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Òbí Yorùbá ní Houston tí ọmọ rẹ̀ bá wọlé síbẹ̀ yóò tètè mọ̀ pé agbo ilé kan ni ọmọ òun wọ̀, tó ní àṣà àti èèwọ̀ tirẹ̀.

Ìkíni ni yóò kọ́kọ́ rí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá Amẹ́ríkà, ènìyàn lè gba ẹ̀gbẹ́ ènìyàn kọjá láìwo ojú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò bínú. Ní ọgbà yìí, "Howdy" ni wọ́n fi ń kí ẹni tí wọ́n mọ̀ àti ẹni tí wọn kò mọ̀. Òun ni ìkíni tí yunifásítì náà fọwọ́ sí. Bí ẹni tó fẹ́ bá èrò sọ̀rọ̀ bá gun orí pèpéle tó sì kí wọn bẹ́ẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ni yóò dá a lóhùn. Wọ́n ń kọ́ ọmọ tuntun ní ìkíni yìí kí kíláàsì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Yorùbá tí a tọ́ dáadáa kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ibi tí wọ́n bá ti ń kí ara wọn, wọ́n ti gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnì kìn-ín-ní kan ẹnì kejì.

Lẹ́yìn ìkíni ni ìfẹ́. Níhìn-ín ni àṣà wọn ti yàtọ̀ sí tiwa gan-an. Lọ́dọ̀ wa, kọ́lọ́fín ni ìfẹ́ inú ọgbà ti ń dàgbà, ojú kan sì wà tí ọmọkùnrin kò gbọdọ̀ kọjá tí pọ́tà bá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn obìnrin. Níbẹ̀, àwùjọ fúnra rẹ̀ ló fún ìfẹ́ láàyè. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré, ni ẹ̀mí ọgbà náà. Pápá ìṣeré wọn, Kyle Field, gba ènìyàn tó ju 100,000 lọ, orí ìdúró sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wà láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin. Bí ẹgbẹ́ wọn bá jẹ góòlù ńlá, olúkúlùkù a fẹnu ko ẹni tó mú wá lẹ́nu, níṣojú gbogbo èrò.

Lóru ọjọ́ tó ṣáájú eré, wọ́n máa ń pé jọ ní pápá náà ní agogo méjìlá láti kọ́ ariwo tí wọn yóò fi ti ẹgbẹ́ wọn lẹ́yìn. Nígbà tó bá yá, wọ́n á pa gbogbo iná. Àwọn tó ní olólùfẹ́ á fẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Ẹni tí kò ní á tan láítà sókè nínú òkùnkùn, kí ẹlòmíràn tí òun náà dá wá lè rí i, kó sì tọ̀ ọ́ wá. Òbí wa kan lè gbọ́ èyí kó mi orí. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ìjọ náà kò gbàgbé ẹni tó dá wà láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Wọ́n ṣe ètò tirẹ̀ sínú àṣà, wọ́n sì ṣe é ní gbangba níbi tí ojú àwùjọ ti tó o.

Wọ́n tún ní igi kan. Ní nǹkan bí 1891 ni wọ́n gbìn ín sínú ọgbà, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ sì wúwo débi pé díẹ̀ nínú wọn tẹ̀ wá kan ilẹ̀. Century Tree ni wọ́n ń pè é. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọkùnrin àti obìnrin tó bá jọ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá yóò fẹ́ ara wọn, ẹni tó bá sì dá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá yóò dá wà títí ayé. Wọ́n mọ̀ pé ìtàn ni, síbẹ̀ àwọn kan máa ń yà fún un bí wọn kò bá ní ẹnì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Abẹ́ igi yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ti kúnlẹ̀ láti bi obìnrin bóyá yóò fẹ́ òun. Àwọn mìíràn ń padà wá ya fọ́tò ìgbéyàwó níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ń gbé ọmọ wọn wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Kò sí òrìṣà nínú igi náà o. Àwọn tọkọtaya tó ti kọjá lábẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ohun tó wúwo.

Òrùka ni àmì tí wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀. Láti 1889 ni wọ́n ti ń ṣe é. Wúrà ni, ó tóbi, àwọn àmì orí rẹ̀ kì í sì í yí padà láti ọdún dé ọdún bíi ti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Owó nìkan kò lè rà á. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ tó tó kírẹ́díìtì 90 kó tó lè gbà á. Ní Ọjọ́ Òrùka, ìdílé odindi ló ń wá láti ìlú wọn. Bí bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n bá ti jáde níbẹ̀ rí, òun ló sábà máa ń fi òrùka sí ọmọ náà níka, tí òrùka tirẹ̀ tó ti pẹ́ wà lọ́wọ́ tó fi ń ṣe é. Nígbà tí onítọ̀hún ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ni ó ń kọ nọ́ńbà ọdún ìjáde tó wà lórí òrùka sí. Ọjọ́ tó bá gboyè ni wọ́n ń yí i padà, kí ó lè kọjú sí aráyé. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá wọ irú rẹ̀ tí wọ́n bá pàdé ní pápákọ̀ òfurufú tàbí ní ọsibítù kì í ṣe àlejò mọ́.

Àmọ́ kì í ṣe ìfẹ́ tàbí òrùka ló jẹ́ kí n pe ibẹ̀ ní agbo ilé. Ìṣe wọn sí àwọn òkú wọn ni.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kú nígbà tó ṣì wà nínú ọgbà, wọ́n ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní Silver Taps fún un ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1898, nígbà tí wọ́n ṣe é fún Lawrence Sullivan Ross, ẹni tó ti jẹ gómìnà Texas kó tó di olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Lóru ọjọ́ yìí, wọ́n á pa iná àyíká gbàgede, ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ á kóra jọ sínú òkùnkùn láìsọ̀rọ̀. Wọ́n á yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn afunfèrè á fun orin ìdágbére lẹ́ẹ̀mẹta: ẹ̀ẹ̀kan sí àríwá, ẹ̀ẹ̀kan sí gúúsù, ẹ̀ẹ̀kan sí ìwọ̀ oòrùn. Wọn kì í kọjú sí ìlà oòrùn, nítorí oòrùn kò ní yọ fún ọmọ náà mọ́. Lẹ́yìn náà, oníkálùkù á bá tirẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wá kò mọ olóògbé náà rí.

Ti àwọn àgbà ni Muster, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹrin lọ́dọọdún. Ọjọ́ yìí ni Texas ṣẹ́gun Mẹ́síkò ní San Jacinto ní 1836, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà sì sọ ọ́ di ọjọ́ ìpàdé tiwọn. Èyí tó sọ ọ́ di olókìkí wáyé ní 1942. Àwọn ológun Jèpáànù ti há àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà mọ́ erékùṣù Corregidor ní Philippines. Ọ̀gágun George Moore, tó jáde ní 1908, ló ń darí àwọn tó ń dáàbò bo etíkun níbẹ̀. Láàárín àdó olóró, wọ́n to orúkọ àwọn Aggie tó wà ní erékùṣù náà jọ fún ìrántí ọjọ́ yìí. Wọ́n jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Erékùṣù náà bọ́ sọ́wọ́ Jèpáànù ní oṣù Karùn-ún, àwọn kan nínú wọn kò sì padà délé. Ìròyìn wọn tàn káàkiri, láti ìgbà náà ni àwọn Aggie ibi gbogbo ti mú ọjọ́ yìí ní ọ̀kúnkúndùn.

Lónìí, wọ́n ń ṣe Muster ní ibi tó ju 300 lọ káàkiri ayé. Níbi tí Aggie méjì bá sì wà, wọ́n gbà pé ó ti tó. Wọ́n á jẹun, wọ́n á rántí ìgbà èwe wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á ka orúkọ àwọn tó kú láàárín ọdún náà. Bí wọ́n bá pe orúkọ kan, ẹnì kan á dáhùn fún un pé, "Here," ìyẹn ni pé ó wà níbí. Wọ́n á sì tan àbẹ́là kan. Ìyàwó lè jẹ́ ẹni tó dáhùn, ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́, ó lè jẹ́ ọmọ. Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọmọ yìí. Ẹni ogún ọdún tó dìde dáhùn fún bàbá rẹ̀ wà láàárín àwọn tó mọ bàbá náà nígbà tí òun pàápàá wà lẹ́ni ogún ọdún. Lẹ́yìn ètò, wọ́n á wá bá a. Wọ́n á sọ fún un irú ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ kó tó di bàbá. Òkú kò gbọ́ orúkọ tí wọ́n pè. Ọmọ rẹ̀ gbọ́, ó sì jèrè ẹbí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọdún 1999 dán àṣà ìrántí yìí wò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń dáná ńlá kan; nígbà tó yá, wọ́n ń gé gẹdú fúnra wọn, wọ́n ń tò ó ga sókè, wọ́n sì ń dáná sun ún ṣáájú eré wọn pẹ̀lú University of Texas. Ní òru ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá, òkìtì igi náà, tó ti tó nǹkan bí 5,000 gẹdú, wó lulẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó pa ènìyàn méjìlá, ó ṣe mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n léṣe. Ìgbìmọ̀ ìwádìí rí i pé bí wọ́n ṣe to igi náà ní àbùkù, àbójútó àwọn aláṣẹ náà kò sì tó. Yunifásítì náà fòpin sí àṣà iná dídá yìí nínú ọgbà. Mo ka èyí sí ọgbọ́n àgbà. Àṣà tó bá ń pa ọmọ kò yẹ ní títọ́jú, bó ti wù kó dùn tó.

Ní 2004, wọ́n ṣí ibi ìrántí kan síbi tí igi náà wó sí. Ó rí róbótó bí òrùka, ẹnu ọ̀nà méjìlá ló sì wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn olóògbé. Ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kọjú sí ìlú tí ọmọ náà ti wá. Ẹni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ilé kan wà níbòmíràn tó ń retí ọmọ rẹ̀.

Ní ọdún 1999 yìí kan náà, ìbànújẹ́ dé Ifẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ya wọ ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Obafemi Awolowo University, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. George Iwilade tí wọ́n ń pè ní Afrika, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wà nínú wọn. Igi ló ṣubú ní College Station, ènìyàn ló pa ènìyàn ní Ifẹ̀. N kò fi ọ̀kan wé èkejì. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni ìṣe àwọn tó kù. Kò sí Silver Taps ní Ifẹ̀, kò sí Muster. Síbẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń ṣe ìrántí ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje, wọ́n sì ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà tó ṣẹlẹ̀. Èyí wà lára ohun tó mú kí ọmọ Ifẹ̀ ti 1985 àti ti 2015 máa pe ara wọn ní ọ̀kan. Ìrántí ló ń so wọ́n pọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé agbo ilé Texas yìí kò ní ìtìjú tirẹ̀. Fún ọdún tó ju ọgọ́rin lọ, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ aláwọ̀ dúdú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ti í pa mọ́ obìnrin pátápátá. Ọdún 1963, nígbà tí James Earl Rudder jẹ́ olórí rẹ̀, ni ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fún wọn. Àwọn àgbà kan nínú ìdílé náà bínú gidigidi nígbà náà pé obìnrin yóò ba àṣà jẹ́. Lónìí, bí kò bá sí àwọn obìnrin wọ̀nyí, tọkọtaya tí àwọn méjèèjì wọ òrùka kan náà kì bá tí sí. Ní 2004, wọ́n tún fagi lé àǹfààní tí wọ́n ń fún ọmọ ẹni tó ti jáde níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yan akẹ́kọ̀ọ́. Ó dá mi lójú pé ìpinnu yìí tọ́. Bàbá lè fi òrùka sọ́mọ níka, ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ ara rẹ̀ wọlé. Ìdílé tó bá ń fi ìbátan gba àyè ọmọ ẹlòmíràn ti ń di ẹgbẹ́ àwọn olówó.

Kí wá ni tiwa nínú gbogbo èyí? A ní ìkíni, kò sẹ́ni tó lè kọ́ wa. A ní ìfẹ́ àti ìgbéyàwó, aṣọ ẹbí wa sì ń fọhùn níbi gbogbo. Ibi tí a ti kù díẹ̀ káàtó ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ti lọ. Bí ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀tì wa bá kú, gbogbo wa á kọ ọ́ sí WhatsApp pé kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. A ó dá owó jọ fún opó tàbí fún àwọn ọmọ, àwọn kan á lọ síbi ìsìnkú. Ó dára, kò sì kéré. Ṣùgbọ́n tó bá di ọdún kejì, orúkọ náà ti parẹ́ lẹ́nu wa, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì mọ ẹni tí wọn ì bá tọ̀ lọ láti béèrè bí bàbá tàbí ìyá wọn ṣe rí nígbà èwe. Nínú agbo ilé, ọmọ tó pàdánù bàbá ṣì ń gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ó sì ń ti ibẹ̀ mọ ẹni tí òun jẹ́. Ohun tí a jẹ àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ wa tó ti kú nìyẹn.

Kò gba ìbọn, kò gba fèrè, a kò sì ní láti ya àṣà Texas lò. Sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ń ṣe àpèjọ. Níbi àpèjọ náà, kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ka orúkọ àwọn tó ti lọ, kì í ṣe ti ọdún yẹn nìkan, gbogbo wọn ni. Ẹ jẹ́ kí a pe àwọn ọmọ wọn wá bí ẹni ń pe ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ti àbúrò wá síbi ọdún ẹbí, kí a jẹ́ kí wọ́n dáhùn. Kí ẹnì kan tó bá olóògbé gbé yàrá sọ ìtàn kan ṣoṣo nípa rẹ̀ fún ọmọ náà létí gbogbo ẹgbẹ́: bó ṣe ń kọrin lóru, bó ṣe fi owó oúnjẹ rẹ̀ yá ẹlòmíràn, bó ṣe kọ̀wé sí obìnrin tó wá di ìyá wọn. Ó lè má ju ìdajì wákàtí lọ. Gbogbo ohun tó gbà ni pé kí ẹnì kan nínú sẹ́ẹ̀tì máa tọ́jú ìwé orúkọ, kí ó sì mọ ibi tí àwọn ọmọ náà wà. Ẹ yan ẹni náà kí àpèjọ yín tó ń bọ̀ tó dé.